Àwọn Ìyá Àgbà Tó Jókòó Sínú Ọkọ̀

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Orí tábìlì ilé ìdáná wa ní Arlington ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Mo mọ̀ pé bó o bá rí ìwé tí bàbá rẹ fọwọ́ kọ, àyà rẹ á já. Fọkàn balẹ̀. Ara mi le, ìyá rẹ ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú mi látàná tó o fi ẹkún pè wá ló fẹ́ jáde.

Kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù? Nítorí pé kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, wàá ti ní, "Daddy, I know." O ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwé. Má sì sọ pé Yorùbá tí mo kọ le jù. Gbogbo Sátidé ọdún mẹ́fà ni mo fi ọkọ̀ gbé ọ lọ sí kíláàsì Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú oòrùn Texas yìí. Òní ni màá jèrè wàhálà mi.

O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ò tíì lò tó oṣù méjì! Iṣẹ́ tí ìyá rẹ fi jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ, pé ọmọ òun ti di ẹni tó ń ran àwọn abiyamọ elédè Spanish lọ́wọ́ ní Dallas, kí ọ̀rá tí oyún kó bá wọn lè yọ́ kúrò lára wọn. O ní mẹ́rìnlá ló wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó di mẹ́sàn-án, ó wá ku mẹ́ta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọ̀gá rẹ sì ti sọ pé bí wọn ò bá pé mẹ́wàá kí oṣù yìí tó tán, òun á pa kíláàsì náà rẹ́. O wá ń sunkún pé àwọn obìnrin náà ò fẹ́ ìlera ara wọn.

Irọ́ ni, Àṣàkẹ́. Mo mọ ohun tó lé wọn. Mo sì mọ ibi tí ẹni tó lè dá wọn padà wà. Kò jìnnà sí ọ rárá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ ló wà. Ṣùgbọ́n má sáré mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn kéékèèké.

Èkíní, gbé òṣùwọ̀n yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i níbi tó o gbé e sí, bí ẹ̀ṣọ́ báńkì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí mo ń bá àwọn tí kò lè mí dáadáa ṣe ẹ̀rọ èémí wọn, mo rò pé gbogbo ọgbọ́n ayé ti parí sọ́dọ̀ mi. Mo bá ṣètò ọjọ́ ìlera fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé òṣùwọ̀n sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń ké iye tó bá jáde kí akọ̀wé lè kọ ọ́. Mo ké ti ìyàwó díákónì wa. Mo ké e ketekete bí ẹni ń kéde nọ́ńbà orin. Kí n tó gbójú sókè, gbogbo obìnrin tó wà lórí ìlà ti rántí pé akọrin ń ṣe ìdánrawò. Ìyàwó díákónì náà kò kí mi mọ́ títí wọ́n fi kó lọ sí Houston. Nítorí náà, gbé òṣùwọ̀n rẹ lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ iye náà. Bí ẹnì kan ò bá fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà, fi í sílẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tamale. Inú rẹ ń dùn nígbà tó ò ń sọ fún wa pé obìnrin kan gbé e wá fún ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, o ní o kì í jẹ ẹ́, o sì fi ṣàlàyé ọ̀rá fún gbogbo kíláàsì. Háà! Àgbàdo lílọ̀ ni, tí wọ́n pọ́n sínú háhá, tí wọ́n sì sè bí a ṣe ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dúró nídìí iná nítorí rẹ, o wá ń ka ọ̀rá inú rẹ̀ fún un lójú ara rẹ̀! Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ìyá rẹ, ṣé onítọ̀hún á tún wọ ilé yìí? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Lọ́jọ́ mìíràn, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, jẹ ìdajì, kí o sì béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ bí òun ṣe ń se nǹkan, bó o bá ní kó dín ọ̀rá kù, á gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni mo torí ẹ̀ jókòó. Èmi àti ìyá rẹ ti jọ pinnu pé a ò ní sọ ọ́ fún ọ láé. Òun ló máa pa mí bó bá dé, nítorí náà jẹ́ kí n yára.

Nígbà tí a bí ọ, ápátímẹ́ǹtì oníyàrá kan la wà nítòsí yunifásítì níbí. Mo ń kàwé, mo ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìsẹ́yìn, ìyá tó bí ìyá rẹ, wá láti Nàìjíríà wá wẹ ọ. Àpótí mẹ́ta ni wọ́n gbé wá, aṣọ wọn ò sì kún ìdajì ọ̀kan. Ìyókù jẹ́ èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, àti ata gúngún tó mú gbogbo òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú sín. Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná olómi mílíìkì nínú abọ́ tí èèyàn lè fi wẹ ọ. Lọ́sàn-án, iyán. Nírọ̀lẹ́, iyán mìíràn. Wọ́n á fi aṣọ gbígbóná jó ikùn ìyá rẹ, wọ́n á fi ọ̀já dì í pinpin, wọ́n á tún wá bu oúnjẹ sínú ikùn tí wọ́n ti dì. Wọ́n ní abiyamọ tí kò bá jẹun, omi ọmú rẹ̀ á gbẹ.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé nígbà tí ìyá rẹ lóyún rẹ, dókítà sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Ó ní bó bá bímọ tán, kó rọra dín ara rẹ̀ kù, kó má di àìsàn tí kò ní lọ mọ́. Ìyá rẹ ò fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, kó má bàa kó ìpayà bá wọn. Kò sì lè kọ oúnjẹ wọn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù pẹ́nrẹ́n, Ìyá Ìsẹ́yìn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ṣé kí n máa padà sílé ni?"

Ìyá rẹ bá dọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé abọ́ sílẹ̀ tí wọ́n padà sídìí iná, á ké sí mi: "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ wá wo ọmọ o!"

Ọmọ wo? Iyán ni mo máa ń lọ wò. Màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá máa gbé e mì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Èyí sì jẹ́ lẹ́yìn tí mo ti jẹ tèmi tán ní pálọ̀ o! Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò sí ṣòkòtò tó gbà mí mọ́. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní, "Bàbá ọlọ́mọ, àṣé ìbejì ni? Ìkejì ló kù sínú yìí?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo di bẹ́líìtì mi mú.

Ìyá rẹ ń fúyẹ́, èmi ń wúwo, Ìyá Ìsẹ́yìn sì ń wò wá lọ́tùn-ún lósì. A jọ lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní inú òun dùn pé ara ìyá rẹ ti ń fúyẹ́. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Ìsẹ́yìn wo dókítà látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó ń yọ̀ pé ọmọ mi rù, ẹ bi í léèrè, kí ni mo fi ṣe é?" Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi iyán lé iyán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àṣírí tú. Ìwọ wà lórí itan mi ọ̀tún, abọ́ wà lórí tòsì, òkèlè wà lẹ́nu mi, ẹ̀gúsí ti kán sí ọ lórí. Ìyá Ìsẹ́yìn ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹran tó ṣẹ́kù wá fún ọlọ́mọ. Òkèlè náà ò lọ, kò bọ̀. Mo rò pé wọ́n á pariwo débi tí àwọn aládùúgbò á fi pe ọlọ́pàá. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé àwo ẹran náà lé ẹsẹ̀, wọ́n wá fi ohùn kékeré bi ìyá rẹ pé, "Ṣé ọbẹ̀ mi ni kò dùn mọ́?"

Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Ó ní ó dùn, ó dùn jù, ìyẹn gan-an ni wàhálà. Ó wá tú ọ̀rọ̀ ṣúgà náà sílẹ̀. Ìyá Ìsẹ́yìn gbé àwo ẹran náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àtọ̀gbẹ ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Ẹ mọ̀ pé nǹkan yìí ń dọdẹ ọmọ mi, ẹ sì jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi bọ́ ọ?"

Àṣàkẹ́, ojú tì mí. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣì ń dùn mí dòní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ìyá arúgbó yẹn fi dúró nídìí iná, tí wọ́n rò pé ọmọ àwọn làwọn ń tọ́jú, tí àwa méjèèjì sì ń tàn wọ́n jẹ bí ọmọdé. A rò pé à ń ṣàánú wọn ni.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo nǹkan yí padà. Iyán di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sì ju ìkúùkù rẹ lọ, ìkúùkù ìgbà yẹn o. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, epo táṣẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé mi ò mọ̀ ọ́n sè láìsí ọ̀rá? Ẹ ò kúkú bi mí." Láràárọ̀, wọ́n á pọ̀n ọ́, wọ́n á fa ìyá rẹ lọ́wọ́, wọ́n á jọ rìn yí ápátímẹ́ǹtì náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ara ìyá rẹ fúyẹ́, ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, omi ọmú ò sì gbẹ. Lọ́jọ́ tí a sìn wọ́n lọ sí pápákọ̀, wọ́n yọ ọ̀já tí wọ́n fi ń di ikùn ìyá rẹ, wọ́n nà án sí mi níwájú gbogbo èrò. "Bàbá ọlọ́mọ, ó yá, ẹ di tiyín."

Mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò yí mi ká mọ́.

O lè ní, kí ló kàn mí nínú ìtàn ikùn ẹ̀yin àgbà? Dúró ná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ìyá rẹ ní kí n gbé ṣájà kọ̀ǹpútà tó o gbàgbé sílé wá fún ọ, o rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí mo wọlé. Rárá o. Fìríwéè ṣófo lọ́jọ́ náà, mo sì ti wà níta fún wákàtí kan. Mo ka ìwé tó o lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ní èdè méjì: ìyá ọmọ àti ọmọ nìkan ni kó wọlé, kí ẹbí dúró síta.

Ẹbí sì dúró síta. Ìyá àgbà mẹ́ta, oníkálukú nínú ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù, kúlà oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá kan fèrèsé ọkọ̀ mi. Doña Chayo lorúkọ rẹ̀, òun ni ìyá Maribel tó máa ń jókòó níwájú nínú kíláàsì rẹ. Ó ti ń wò mí láti òkèèrè, ó sì gbà pé ebi ń pa mí. Obìnrin náà mọ èèyàn wò. Mo fi Spanish tí mo kọ́ létí bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn bá a sọ̀rọ̀, òun náà fi gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ sì yé wa.

Ó ní níbi tí òun ti wá, bí obìnrin bá bímọ, ogójì ọjọ́ ni kì í fọwọ́ kan omi tútù. Ìyá rẹ̀ á máa se omi adìyẹ fún un, á máa po ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n ń pè ní atole, á sì fi faja di ikùn rẹ̀. Mo ní kí ni faja? Ó mú ọ̀kan jáde nínú àpò. Àṣàkẹ́, ọ̀já ni! Ọ̀já Ìyá Ìsẹ́yìn gan-an, àfi pé eléyìí ní ìkọ́. Ogójì ọjọ́ Maribel ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n ìkòkò ìyá rẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń kọ́ wọn nínú ilé. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ó ní atole mi, ṣúgà lásán ni. Kò bi mí bí mo ṣe ń po ó. Èmi awakọ̀ ni mo jẹ́ níbí."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ó sì bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́, má sọ fún ìyá rẹ.

Kíláàsì rẹ tú. Maribel jáde tòun tọmọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ńlá kan lé e lọ́wọ́. Ó dúpẹ́, ó ní òun á lọ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kí òun lè jókòó dáadáa. Mo bojú wo inú ọkọ̀ náà. Maribel ń fún ọmọ lọ́mú. Ọkọ rẹ̀ ló ń jẹun! Ó ń gbé e mì kíákíá, ojú rẹ̀ ń sáré láti dígí kan dé èkejì, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ké gbàjarè. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo fọwọ́ pa ikùn mi, mo sì tẹríba fún un. Ó yé e, ó rẹ́rìn-ín tòun toúnjẹ lẹ́nu.

Mi ò sọ fún Doña Chayo. Ẹni tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí kì í tú àṣírí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi, gbogbo rẹ̀ kọ́ sì ni ẹ̀rín.

Ṣé o ti rí i báyìí? Abiyamọ lò ń bá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe òun ló di ìkòkò mú. O mú kó yan ẹnì kan láàárín ìwọ àti ìyá rẹ̀, kò sì sí ọmọ gidi tó máa yan tíṣà lé ìyá rẹ̀ lórí. Ìyẹn ló lé mọ́kànlá lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù, mo fura pé àwọn ọkọ wọn ló ń jẹ ẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí oúnjẹ náà ń lọ, lọ wọn àwọn ọkọ.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ mọ ohun tí ṣúgà ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ìyá yẹn mọ ohun tó ń mú ọmọ wọn jẹun. Ya ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn. Kó wọn wọlé, fún wọn ní àga iwájú, kí wọ́n gbé ọmọ dání kí àwọn abiyamọ lè rìn. Má kọ́ wọn, bi wọ́n. Sọ pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa se é kó fúyẹ́, tí á sì ṣì dùn?" Bí abiyamọ kan bá sì ní ohun tí dókítà ti sọ fún un, tó ń fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀, rọ̀ ọ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ìyá tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ìkòkò rẹ̀ ò ní yí padà.

Ẹ̀kẹrin, ní sùúrù. Ohun tó fi oṣù mẹ́sàn-án wọlé kì í fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án jáde, ìwọ tó ò tíì gbé oyún ológbò rí ò sì lè mọ̀. Ọjọ́ tó o bá mọ̀, ẹja gbígbẹ ti wà nínú fírísà ìyá rẹ, ó ń dúró dè ọ́. Kí ọkọ rẹ múra sílẹ̀ o. Èmi ti fẹ̀yìn tì.

Ó ku ẹyọ kan, má sì bínú. Mo parọ́ mọ́ ọ. Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún Doña Chayo pé ìwọ lo rán mi sí àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé o ní kí n bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá jókòó tì ọ́ ní kíláàsì tó ń bọ̀, kí wọ́n sì bá ọ kó àwọn tó sá wá, tàwọn tìyá wọn. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé òun gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní òun ni. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó ní òun á gbé ìkòkò òun wá. Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ìyá àgbà mọ́kànlá ló ń bọ̀, òun àti àwọn méjì yòókù wà nínú wọn, oníkálukú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Má jẹ́ kí bàbá rẹ di òpùrọ́ lójú obìnrin tó bọ́ ọ.

Bó o bá wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́la, inú àpò oúnjẹ tí ìyá rẹ máa dì fún ọ ni màá fi ìwé yìí sí. Àga mẹ́rìnlá ló wà ní kíláàsì rẹ, mo kà á. Nígbà tó o bá ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́, màá ti kó àga ìkákò mẹ́wàá tí mo yá ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ. Lórí wọn, wàá rí aṣọ gígùn kan tó ti gbó. Ọ̀já Ìyá Ìsẹ́yìn ni. Fi han Doña Chayo kó o tó sọ ohunkóhun mìíràn. Sọ fún un pé ìyá àgbà tìrẹ náà dúró síta rí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tí wọ́n bí, àwo ẹran lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ikùn rẹ̀ ò tíì lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ.